Mẹ́lọ́ọ̀nù Tó Yẹ Kó Dákẹ́

Ọjọ́ Ajé, 15 Oṣù Kẹsàn-án

Òdòdó abo mẹ́sàn-án là lónìí. Mo kúrò nílé ní Ìjẹ̀ṣàtẹ̀dó kí aago márùn-ún tó lù, mo sì ti wà nínú ilé àwọ̀n ilé ìwádìí wa ní Yaba kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Bí oòrùn bá ti mú, lẹ́búlẹ́bú òdòdó akọ kì í wúlò mọ́. Aago mẹ́sàn-án ni òpin iṣẹ́. Mo já akọ, mo bó ewé rẹ̀ dànù, mo fi orí rẹ̀ kan abo lẹ́ẹ̀mejì, mo sì so òwú mọ́ ọn lọ́rùn: pupa fún Olóòórùn, funfun fún Adákẹ́, oríṣi mẹ́lọ́ọ̀nù méjì tí mo ń gbìn. Mo kọ déètì sára páálí kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá mọ ọjọ́ tí òdòdó gba lẹ́búlẹ́bú kò lè mọ ọjọ́ orí èso, àsọdùn sì ni ohunkóhun tó bá sọ nípa pípọ́n rẹ̀.

Lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì àgbà. Ìgbìmọ̀ yóò jókòó lórí ọ̀rọ̀ mi ní ọjọ́ kẹrin Oṣù Kejìlá, bóyá kí wọ́n gbà mí síṣẹ́ pátápátá tàbí kí àdéhùn ọdún mẹ́ta mi parí síbẹ̀. Wọ́n ní kí n mú àbájáde ìwádìí tuntun wá. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ni mí. Àbájáde tuntun mi ni òdòdó mẹ́sàn-án yìí àti àwọn tí yóò là lọ́la.

Òjò rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 26

Iṣẹ́ òdòdó ti parí láti ọjọ́ kejìdínlógún. Èso mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n dúró. Ìgbín jẹ méjì, ó ku mẹ́rìnlélógún.

Ẹ̀gbọ́n Ambrose tó ń tọ́jú yàrá ìwádìí kó òfìfo àpò àlùbọ́sà aláwọ̀n wá láti ọjà Mile 12, ó gé wọn, ó sì fi wọ́n so èso kọ̀ọ̀kan rọ̀ mọ́ òkè kí ìwúwo má bàa já ìtàkùn. Èmi ìbá ti kọ̀wé béèrè àwọ̀n, kí n sì dúró títí di ọdún tó ń bọ̀. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń lo òṣùwọ̀n nígbà tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, tí ó ṣì ń pè mí ní Kẹ́mi. Dókítà ló ń pè mí báyìí, kò sì gbà kí n dá a dúró.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ní, "Àǹtí, ẹ̀gúsí yín yìí ti ń tóbi o. Ìgbà wo la máa bó o?"

Mo ní kì í ṣe ẹ̀gúsí. Ó ní mẹ́lọ́ọ̀nù náà ṣáà ni gbogbo wọn. Ìbátan ni wọ́n lóòótọ́. Mo fi í sílẹ̀.

Ọjọ́rú, 1 Oṣù Kẹwàá

Ìsinmi ìjọba. Mo lọ bomi rin wọn náà. Nígbà tí mo ń padà bọ̀ mo yà sọ́dọ̀ Bàlíkísù, ẹ̀gbọ́n mi tó ń ránṣọ ní Mushin.

"Kí ló dé tí kò fi jẹ́ máńgòrò?" ó ní, abẹ́rẹ́ lẹ́nu rẹ̀. "Máńgòrò la mọ̀. Ta ló ń jẹ mẹ́lọ́ọ̀nù ládùúgbò yìí?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ó dúró de máńgòrò fún ọdún márùn-ún kó tó so. Oṣù mẹ́ta ni mẹ́lọ́ọ̀nù. Èkejì, ẹ máa rí oríṣi mẹ́lọ́ọ̀nù kan tó jẹ́ pé bó bá ti gbó, á tú gáàsì kan jáde lójijì. Ẹ́tílììnì ni wọ́n ń pe gáàsì yẹn. Òun láá mú un rọ̀, láá mú un ta sánsán, tí á sì já bọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ ó tún rí oríṣi kejì tí kì í tú gáàsì. Á kàn jókòó. Ṣúgà á wọ̀ ọ́ lára, ṣùgbọ́n á le, kò ní ta sánsán, á sì pẹ́ nílẹ̀. Ọmọ ìyá ni wọ́n. Bí mo bá mọ ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀, mo ti súnmọ́ ohun tó ń ba tòmátì jẹ́ nínú ọkọ̀ láti òkè ọya dé Mile 12."

"Bí èmi àtìẹ nìyẹn," Bàlíkísù ní. "Èmi ti bímọ mẹ́rin. Ìwọ kàn jókòó."

Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó bu ẹ̀wà fún mi, mo jẹun, mo lọ.

Ọjọ́ Ajé, 20

Mo ká èyí tó kẹ́yìn lónìí. Ọjọ́ kejìlélọ́gbọ̀n gééré ni mo ká ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Olóòórùn méjìlá, Adákẹ́ méjìlá. Wákàtí kan nínú ìgò tí a dé pa, lẹ́yìn náà kí a ka gáàsì inú rẹ̀.

Ìgò òfìfo, tí a kò fi èso sí: odo, bíi ti ọjọ́ mẹ́ta tó ṣáájú. Olóòórùn kẹta àti ìkẹjọ ti bẹ̀rẹ̀. Adákẹ́: odo, odo, odo.

Ọjọ́bọ̀, 23

Dísù tún ti wọ́n sí i. Ìwé wà lára ògiri: wákàtí méjì péré ni jẹnẹrétọ̀ yóò máa ṣiṣẹ́ lójúmọ́, láti aago mẹ́wàá sí méjìlá. Láti ọdún tó kọjá ni bátìrì ẹ̀rọ tó ń ka gáàsì ti kú, kò lè ṣiṣẹ́ láìsí iná. Ìgò mẹ́rìnlélógún, ìṣẹ́jú márùn-ún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wákàtí méjì ti pé nìyẹn, kò ṣẹ́kù ìṣẹ́jú kan.

Mo yọ ìgò òfìfo kúrò. Láti ìbẹ̀rẹ̀, odo ló ń sọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28

Adákẹ́ keje sọ nǹkan kan. Kékeré ni. Mo rò pé mi ò nu ìgò náà dáadáa.

Ọjọ́bọ̀, 30

Gbogbo Adákẹ́ méjèèjìlá ló ń tú gáàsì. Awọ wọn ti ń di àwọ̀ ìyeyè. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ìkarùn-ún, ó sì tẹ̀. Ìgbà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ti gbin irú yìí, tí mo ń ṣa èyí tó dákẹ́ jù nínú wọn, tí kò sì sí èyí tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ọdún yìí ni ooru mú jù. Àbí ooru ló jí ohun tó ti ń sùn nínú wọn? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí ìwé tí mo kà tí ó sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n Ambrose dúró lẹ́yìn mi, ó ń wo ojú ẹ̀rọ. "Dókítà, ẹni tẹ́ ẹ ní kò ní sọ̀rọ̀ ti ń sọ̀rọ̀."

"Ó ń pariwo ni, Ẹ̀gbọ́n."

Ó bá mi kó àwọn ìgò sórí pẹpẹ, ó rọra ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́ Ẹtì, 31

Mo sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlánípẹ̀kun, olórí ẹ̀ka wa. Ó dìde lórí àga. Ó ní kí n kọ àkékúrú àbájáde náà ránṣẹ́ lónìí sí àpérò àwọn onímọ̀ tó ń bọ̀, nítorí òní ni wọ́n ń gbà á mọ.

Mo ní, "Mo fẹ́ tún un kà fún ọ̀sẹ̀ kan sí i, sà."

"Adékẹ́mi, ọ̀sẹ̀ kan wo? Ṣé ìgbìmọ̀ máa dúró dè ọ́ ni? Èso tìẹ ti pọ́n, o ní o fẹ́ kó tún pọ́n lẹ́ẹ̀kejì."

Mo fi ránṣẹ́ ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kọkànlá

Wọ́n gba àkékúrú náà. Wọ́n ní ó ya àwọn lẹ́nu. Mo ra ẹja tútù ńlá kan, mo sè é, mo jẹ ẹ́ tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọjọ́bọ̀, 6

Jẹ́ kí n kọ eléyìí bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá òórùn kan ń bọ̀ wọ inú yàrá, ó jọ ti áyù. Mo kọ́kọ́ rò pé oúnjẹ ẹnì kan ni. Nígbà tó yá mo gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo gun orí rẹ̀, mo sì gbé imú sí ihò atẹ́gùn tó wà láàrin yàrá mi àti yàrá ẹrù tó wà lẹ́yìn. Ibẹ̀ ló ti ń wá. Mo lọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá ẹrù náà. Àgádágodo tuntun wà lára rẹ̀.

Mo pe Ẹ̀gbọ́n Ambrose. Kò jiyàn. Ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde láti inú àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó ṣí i. Odi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà mọ́kànlá ló wà nílẹ̀ lábẹ́ tapólì. Ọ̀rá funfun kéékèèké wà láàrin wọn, wọ́n tutù.

"Kí ló wà nínú ọ̀rá yẹn, Ẹ̀gbọ́n?"

"Oògùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Kábáìdì."

"Èyí táwọn wẹ́dà ń lò?"

"Òun náà ni. Omi wọ ṣọ́ọ̀bù Mabel, ìyàwó mi, ní Ìwáyà láti ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù tó kọjá, Dókítà. Ẹ mọ̀ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n ló ń tà, dúdú sì ló ń rà á. Mo ní kó kó o wá síbí fún ọ̀sẹ̀ méjì péré kí omi fi gbẹ. Ọ̀la ló yẹ kó wá kó o."

Mo fi ìka ka ọjọ́ láti ìgbà yẹn. Ó wo ojú mi, ẹ̀rù sì wá bà á.

"Mo ro tiyín mọ́ ọn," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ sọ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá ti pọ́n ń tú ẹ́tílììnì, pé ká má ṣe gbé e wọbí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó má gbé èyí tó pọ́n wá. Dúdú nìkan. Bó bá ti ń pọ́n, a ó máa kó o lọ lárààárọ̀. Kábáìdì kì í ṣe ẹ́tílììnì, àbí ó jẹ́ ẹ?"

"Kì í ṣe ẹ́tílììnì, Ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n tí omi bá kàn án, gáàsì tó ń tú ń ṣe iṣẹ́ ẹ́tílììnì. Nítorí ẹ̀ ni ó ṣe ń mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n. Ẹ̀rọ mi kò mọ ìyàtọ̀ láàrin àwọn méjèèjì. Èso pàápàá kò mọ̀ ọ́n."

Ó jókòó sórí àpótí.

Mo padà sí yàrá kí jẹnẹrétọ̀ tó kú. Mo dé ìgò kan pa tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, mo sì kà á. Ìgò òfìfo: ó ju Adákẹ́ keje lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Mo ṣàlàyé fún Ọ̀jọ̀gbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó gbọ́ ọ tán.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Èmi àti Ẹ̀gbọ́n Ambrose, sà. Ẹ̀yin náà báyìí."

"Èmi ò tíì gbọ́ nǹkan kan."

Mo ní mo máa fa àkékúrú náà padà. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.

"Ó dáa. Bó bá jẹ́ dandan, kọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ kan kó kábáìdì wọ ilé ìwádìí láìgbàṣẹ. Dárúkọ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ á mọ̀ pé wọ́n ṣe ọ́ ni, pé kì í ṣe ìwọ lo ṣàṣìṣe. Wọ́n á fún ẹ ní ọdún kan sí i. O ń gbọ́ mi?"

Mo gbọ́ ọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó sọ ló jẹ́ òótọ́, ohun tó ń dùn mí nìyẹn.

Oṣù Kẹta ni Ẹ̀gbọ́n Ambrose máa fẹ̀yìntì, lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo kọ lẹ́tà náà bí Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe ní kí n kọ ọ́. Ó gún régé. Mo kà á sókè, mo fà á ya. Mo kọ òmíràn tí mo pín ẹ̀bi sí méjì. Ìyẹn burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó dà bí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún sósì.

Bí mo ṣe rò ó nìyí. Ìdí tí a fi ń ka ìgò òfìfo ni pé ayé kún fún irú Ẹ̀gbọ́n Ambrose. Ẹnì kan á máa kun ilé. Ẹnì kan á máa jó ìdọ̀tí lẹ́yìn fẹ́ǹsì. Ọkọ̀ kan á máa tú èéfín lábẹ́ fèrèsé. Gbogbo wọn ní ìdí tiwọn, kò sì sí èyí tó mọ̀ pé ẹnì kan ń wọn afẹ́fẹ́. Iṣẹ́ ìgò òfìfo ni láti sọ fún wa. Ká ní mo kà á ní ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, ǹ bá ti mọ̀ kí Adákẹ́ kankan tó yí àwọ̀ padà. Odi ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́kànlá ni ẹ̀bi tirẹ̀. Tèmi ni ìṣẹ́jú márùn-ún, èmi ni wọ́n sì fún ní oyè Dókítà nítorí ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn.

Mo kọ ọ́ báyìí: "Mo fa àbájáde yìí padà. Gáàsì láti ìta wọ inú yàrá. Mi ò mọ̀, nítorí pé láti ọjọ́ 23 Oṣù Kẹwàá mi ò ka ìgò òfìfo mọ́. Èmi nìkan ni mo ṣe ìpinnu yẹn."

Mo fi ránṣẹ́. N kò ní ìtura kankan. Inú ń bí mi sí gbogbo ènìyàn: sí ẹni tó ń ra dísù, sí omi Ìwáyà, sí Mabel tí mi ò rí ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láyé mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Àwọn tó ń ṣètò àpérò fèsì: "A ti yọ ọ́ kúrò."

Ọ̀jọ̀gbọ́n fún Ẹ̀gbọ́n Ambrose ní kúẹ́rì láàárọ̀ yìí, láìbéèrè lọ́wọ́ mi. Mo bá a níbi tó ti ń fọ ìgò.

"Ẹ káàárọ̀, Madam," ó ní. Kò pè mí ní Madam rí.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò dárúkọ yín. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí mo kọ hàn yín."

"Ṣé kúẹ́rì máa ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá ni?"

"Ọ̀jọ̀gbọ́n ni mo sọ fún. Mo ní láti sọ fún un. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé."

Ó da omi inú ìgò nù. "Ẹ ti ṣàlàyé tó, Madam. Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti dé lẹ̀ ń ṣàlàyé fún mi. Ẹ ṣàlàyé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ ṣàlàyé tòmátì, ẹ ṣàlàyé ìdí tí a ò gbọdọ̀ gbé ápù wọ inú yàrá. Kábáìdì nìkan lẹ ò ṣàlàyé. Bẹ́ẹ̀ Èkó ni gbogbo wa wà."

Mo wá ìgbà kan tí mo sọ ọ́ fún un, mi ò rí i. Mo rò pé gbogbo ayé mọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

Mo gé Adákẹ́ tó kù. Mo wọn ṣúgà wọn: bó ṣe wà ní ọjọ́ tí mo ká wọn náà ló wà. Gáàsì mú wọn rọ̀, ó pa wọ́n láwọ̀ dà, kò fi ṣúgà kún wọn. Èyí nìkan ló jẹ́ òótọ́ nínú gbogbo rẹ̀, àwọn ẹlòmíràn sì ti mọ̀ ọ́n ṣáájú mi.

Ẹ̀gbọ́n Ambrose kì í wọlé tí mo bá wà níbẹ̀ mọ́. Kúẹ́rì rẹ̀ ti parí sí ìkìlọ̀, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ló sọ fún mi. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò ní dín kù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29

Mo ṣírò rẹ̀: bí mo bá gbin òmíràn lónìí, ìparí Oṣù Kejì ni mo máa kà á. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni ìgbìmọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 4 Oṣù Kejìlá

Ènìyàn márùn-ún. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlánípẹ̀kun jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń wo fóònù. Wọ́n ní kí n ṣàlàyé fún àwọn tí kì í ṣe onímọ̀ irúgbìn. Mo ya mẹ́lọ́ọ̀nù méjì àti ìgò mẹ́ta sára pátákó. Mo lọ díẹ̀díẹ̀. Mo sọ ìdí tí a fi yan mẹ́lọ́ọ̀nù, mo sọ iṣẹ́ gáàsì, mo sọ ti kábáìdì láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, mo sì sọ iṣẹ́ ìgò òfìfo.

Àwọn méjì ń mi orí. Obìnrin kan tó wá láti ẹ̀ka ìṣúná, Arábìnrin Beulah, gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n wò ó bóyá ó yé mi. Tẹ́ ẹ bá ka ìgò tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, ẹ máa mọ̀ lọ́jọ́ kìíní?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹ sì mọ̀ pé ó yẹ kẹ́ ẹ kà á."

"Èmi ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀, mà."

"Kí ló wá dé?"

"Jẹnẹrétọ̀, mà. Wákàtí méjì ni wọ́n fún wa. Kò kárí."

"Ṣé ẹ kọ̀wé pé kò kárí?"

"Rárá, mà."

"Ṣé ẹ lè yọ mẹ́lọ́ọ̀nù kan kúrò, kẹ́ ẹ fi àyè rẹ̀ ka ìgò yẹn?"

Mo wo pátákó. Mẹ́tàlélógún ìbá tó. Àní ogún pàápàá ìbá tó.

"Mo lè ṣe bẹ́ẹ̀, mà."

Ó kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ìbéèrè tó dára jù tí ẹnikẹ́ni bi mí láti ọdún mẹ́ta nìyẹn. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé, Dókítà," ojú àánú ló sì fi wò mí.

Ọjọ́ Ajé, 15

Lẹ́tà dé. Ojú ewé kan ni. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún àlàyé mi, tó yé gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ yékéyéké. Wọ́n ní látàrí àlàyé náà, àdéhùn mi yóò parí ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù yìí.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀.